Aránṣọ Tó Fẹsẹ̀ Rìn Wọ Mesquite

Ọkùnrin náà kò kí mi. Ọ̀sán Sátidé kan ní oṣù kẹta ni, oòrùn wà lókè gan-an. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì tí mo sọ di ilé ìránṣọ, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan. Kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ. Èmi ti lé lógójì, ọmọ mi ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n kì í sì í gba àrífín lọ́wọ́ ọmọdé. Mo ti la ẹnu láti bi í bóyá wọn ò kọ́ ọ nílé ni, nígbà tí mo rí i pé orúnkún mi ti kan sìmẹ́ǹtì. Èmi ni mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ẹ káàsán, sà."

Ó ní, "Káàsán, ọmọ yìí," ó sì wọlé.

Mo sọ fún ara mi pé àárẹ̀ ni. Ẹni tó ti ń ránṣọ láti aago márùn-ún ìdájí, orúnkún rẹ̀ lè ṣe ohun tó bá wù ú.

Gbéminíyì lorúkọ mi. Láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, mo wà nídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kan. Ọjọ́ tó bá kù, ìránṣọ ni. Mi ò ní ṣe ojú ayé fún yín: mo mọ aṣọ ọ́ rán. Ìyá mi ló kọ́ mi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ní bàbá mi ló kọ́ ìyá mi. "Wọ́n ní" ni mo wí, nítorí mi ò mọ bàbá mi. Ó kú nígbà tí oyún mi wà ní oṣù mẹ́fà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iná jó ilé wa, ó sì jó gbogbo fọ́tò rẹ̀ pátá. Bí ẹ bá bi mí ní ohun kan tí mo ń wá láyé tí mi ò tíì rí, kì í ṣe ilé, kì í ṣe mọ́tò. Ojú bàbá mi ni. Láti kékeré ni mo ti máa ń dúró níwájú dígí, tí màá yọ ojú ìyá mi kúrò nínú tèmi, kí n lè wo èyí tó kù.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nígbà náà, Bridget ló gbé e wá. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń gbé ní Duncanville, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ká kúrò nílẹ̀, àwọn òyìnbó máa ń pàgọ́ sí apá gúúsù Dallas, wọ́n á wọ aṣọ ayé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn: ọba, ayaba, jagunjagun onírin, alágbẹ̀dẹ, tafàtafà. Renaissance fair ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bridget ti háyà aṣọ ayaba lọ síbẹ̀.

Ó ní, "Gbémi, I'm tired of borrowing their own. Nígbà tí ọba wọn ń wọ fẹ́líféètì, ṣé ìhòòhò làwa wà ni? Ránṣọ fún wa bí ìjòyè tó ti Ọ̀yọ́ wá kí ọba òyìnbó. Six of us. Make them look twice."

Mo fò mọ́ ọn. Sányán tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti ilé ni mo fi rán ẹ̀wù ọba, apá rẹ̀ wú, ó sì ṣeé tú kúrò léjìká, okùn la fi so ó bíi tiwọn. Mo fi kíjìpá rán ẹ̀wù tafàtafà. Kọ́tìnnì fẹ́líféètì pupa tí mo rà ní thrift store, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, di agbádá olóyè. Ibi tí apá mi ò ti ká a ni ọrùn aṣọ ńlá oníkákò tí àwọn ayaba wọn máa ń wọ̀ yí ọrùn ká. Gèlè líle ni mo fẹ́ fi ṣe é, ó sì fẹ́ igba ìṣẹ́po tí a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rán níkọ̀ọ̀kan. Ni mo bá kọ ọ́ sí WhatsApp ìjọ pé mò ń wá ẹni tí abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí dé.

Ó ní ẹsẹ̀ lòun fi rìn wá. Kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Mesquite, ìlú wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas yìí. Ẹ̀yìn ilé mi gan-an ni freeway wà, mọ́tò ń hó lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà lẹ́nu ẹsẹ̀, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn dé àyà, èmi sì rò pé ó ti múra òde náà sílẹ̀ ni. Ó ní kí n máa pe òun ní Olúdáre.

Kò lo téèpù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wo àwọn oníbàárà mi, ó sì mọ ìwọ̀n wọn. Ó wo èmi náà, ó ní, "Èjìká òsì rẹ rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá rẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni kí n tó ronú. Bó bá rán ojú aṣọ kan tán, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ojú rírán náà á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé a lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tó bá lọ tán nírọ̀lẹ́, òórùn káńfọ̀ máa ń kù sínú gáréèjì, irú èyí tó máa ń wà nínú àpótí aṣọ àwọn àgbà. Ajá aládùúgbò mi, tó ń gbó atẹ́gùn pàápàá, máa ń ki orí sáàárín ẹsẹ̀ títí á fi kọjá.

Ohun méjì ló kìlọ̀ fún mi. "Má ya mí ní fọ́tò. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti ilé rí mi."

Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Àwa tí a wà ní Dallas mọ gbólóhùn yẹn bí ẹni mowó. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú ló ń sọ ọ́. A kì í wádìí lọ́wọ́ rẹ̀. A máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ ni, a ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Mo ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń jẹun.

Ọmọ mi Shalom ni ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ó fà mí wọ kíṣìnì lọ́jọ́ kan, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Mom, he's like twenty-something. Why are you the one kneeling?"

Mo ní, "Kí ló kàn ọ́ nínú orúnkún mi?"

"And he has my ears," ó ní. "It's creepy."

Mo lé e pé kó lọ ṣe homework rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé gáréèjì, mo wo etí ọkùnrin náà, mo sì yára gbójú kúrò.

Nínú oṣù kẹrin, òjò ńlá dé lọ́sàn-án gangan, irú òjò Texas tó ń sọ ọ̀run di dúdú. Ààrá sán, iná kú, ó tún tàn. Olúdáre kò gbé orí sókè kúrò nídìí ọrùn ayaba.

Ó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń wọ abẹ́ tábìlì bí ààrá bá ti sán?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, "Títí dòní, sà." Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán ni abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ mi. Mo ronú, ronú. Ẹnu mi kì í sinmi, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Mo gbà pé èmi fúnra mi ni mo sọ fún un.

Ọ̀sán Fúráìdè tó ṣáájú òde náà, iṣẹ́ parí. Aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí okùn, mo sì mọ̀ pé kò sí aránṣọ kan láti ibí dé Arlington tó lè gbé irú rẹ̀ jáde. Tèmídayọ̀, nọ́ọ̀sì tó ni aṣọ ọba, wà lẹ́nu iṣẹ́, ni mo bá bẹ Olúdáre pé kó bá mi gbé e wọ̀ kí n lè wo etí aṣọ náà nílẹ̀. Ó wọ̀ ọ́. Ó dé fìlà náà. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Ooru mú un. Ó ṣí fìlà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà sì tàn sí gbogbo ojú rẹ̀. Ìyá mi gbọ́dọ̀ rí ohun tí sányán òun dà, bẹ́ẹ̀ ni mo wí nínú ọkàn mi. Kì í ṣe iṣẹ́ èṣù, ìgbéraga tèmi ni. Mo ṣe bí ẹni tó ń ka text, mo tẹ fóònù, mo sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta.

Mi ò tíì gbé fóònù náà kalẹ̀ tí ìyá mi fi pè. Orí spíkà ni mo gbé e sí, kí ọ̀gbẹ́ni náà lè gbọ́ ìyìn.

"Gbéminíyì." Ohùn wọn rẹlẹ̀. "Ta lo wọ aṣọ yẹn fún?"

"Aránṣọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni, Mà. Ṣé ẹ rí apá rẹ̀?"

Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ apá sílẹ̀ ná.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ojú rẹ̀ dé," wọ́n ní. "Èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín." Ohùn wọn wá ga lójijì. "Ìbíkúnlé! Ìbíkúnlé, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Ìbíkúnlé ni orúkọ bàbá mi.

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. "Èmi ni," ó dáhùn jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ igbe kan láti Abẹ́òkúta, mo gbọ́ ìró fóònù tó já bọ́, ìpè náà sì gé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ ọba náà. Kò kánjú. Ó tú okùn apá, ó ká a, ó tò ó sórí tábìlì. Èmi dúró, mò ń wò ó. Mo ti ń gbọ́ nípa àkúdàáyà láti kékeré: ẹni tó kú láìtọ́jọ́, tó lọ ń gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń jẹ, tó ń mu, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé á fi rí i. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń dé Texas.

"Ẹ má lọ," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàbá mi."

"Nínú gbogbo ẹbí mi, ìwọ nìkan ni mo lè bá jókòó," ó ní, "torí ìwọ nìkan ni kò mọ ojú mi. O ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi òsì. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọwọ́ náà tutù. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tèmi àti tiyín. Ó sì jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Títì wa tọ́ gbọọrọ títí dé ẹ̀gbẹ́ freeway, kò sí igi kan tí èèyàn lè sá sí lẹ́yìn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Obìnrin tó ń bomi rin koríko ní òdìkejì ní látàárọ̀ lòun ti wà níta, òun ò sì rí ẹni tó jáde nílé mi. Mo jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mo ké bí ọmọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé wọn lọ sí òde náà. Mi ò lè má lọ, iṣẹ́ ọwọ́ àwa méjèèjì ni. Nígbà tí Bridget àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àwọn jagunjagun onírin yà fún wọn. Òyìnbó tó ṣe ọba níbẹ̀ dìde lórí ìtẹ́, ó tẹríba fún Tèmídayọ̀, gbogbo èrò sì hó. Bridget fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo gbé fọ́tò àwọn aṣọ náà sórí Instagram, iṣẹ́ sì ya lù mí láti ìgbà náà, ó ju èyí tí ọwọ́ mi ká lọ. Ojú tí mo fi ogójì ọdún wá wà nínú férémù lórí tábìlì mi. Èmi àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ó rí oúnjẹ jẹ dáadáa.

Ní oṣù kẹjọ, obìnrin kan fi video pè mí láti Houston. Ó ní Olúwatósìn lorúkọ òun, aránṣọ ni òun náà, ó sì ti rí iṣẹ́ mi lórí Instagram.

"Ẹ má bínú o, sister," ó ní. "Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé síbí ní Monday, ó ní iṣẹ́ lòun ń wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, can you imagine? No ID, no reference. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ jọ ti àwọn aṣọ fair yín yẹn, same to same. Mo ní kí n bi yín kí n tó fọkàn tán an. Ó ń gé aṣọ lẹ́yìn mi níbí. Ẹ dúró, kí n yí kámẹ́rà sí i, kẹ́ ẹ wò ó."

Mo gbọ́ sísọ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, kò yára, kò falẹ̀. Gbogbo ara mi ló fẹ́ wò ó. Wákàtí mẹ́rin péré ni ọ̀nà Houston.

"Má yí i!" mo ní, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù náà pátápátá.

Sísọ́ọ̀sì náà dákẹ́.

"Ah-ah, kí ló dé?" Olúwatósìn rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Mo gbé ohùn mi sókè, kó lè dé etí bàbá mi níbẹ̀.

"Rárá o," mo ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò rí i rí."

Lẹ́yìn náà, sísọ́ọ̀sì náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ.