Ẹ̀jẹ̀ Ràsáàkì Nínú Ìgò Tẹ́ẹ́rẹ́

Ní Àgọ́-Àmọ̀dù, kí oòrùn tó yọ ni Àsíátù ti máa ń sẹ́ ògì, orin ló sì máa ń fi sẹ́ ẹ:

"Ògì mi funfun, ó kúnná,
Ẹni bá mu ún a sanra;
Ọkọ mi mu ún, kò sanra o,
Kí ló ń jẹ ẹ́ lábẹ́ aṣọ?"

Ràsáàkì ọkọ rẹ̀ gbọ́ orin náà lẹ́yìnkùlé. Ikọ́ ló fi dáhùn. Ó ti lé ní oṣù méjì tí ikọ́ ọ̀hún ti dé. Bó bá sùn, òógùn á bò ó bí ẹni tó ń kọ ebè lọ́sàn-án gangan. Ṣòkòtò tó ń fún un lọ́dún tó kọjá, okùn ló fi ń dì í mọ́dìí báyìí.

"Bàbá Fàtímọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Eruku ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ ti lọ, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé inú òjò ni eruku yín wà ni?"

Ràsáàkì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́. Ládòkun aládùúgbò wọn, bàbá Mọ́ládé, wá fọn iná níbi ààrò Àsíátù, ó sì dá sí i.

"Ràsáàkì, má dán an wò! Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà lára rẹ. Wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún fà á lẹ́ẹ̀kejì. Bí o ṣe gbẹ yìí, èwo lo fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ?"

"Bàbá Mọ́ládé, ẹ mú iná tí ẹ wá mú, kí ẹ máa lọ," ni Àsíátù wí.

Kò sinmi títí tí Ràsáàkì fi gbà. Ní ọjọ́ ọjà Ṣakí, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù.

Florence lorúkọ obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá Ràsáàkì, ó po oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ọn, ó rọ ọ́ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì gbé e dúró ṣánṣán nínú ẹ̀rọ tó tó rédíò. Iná kékeré kan ń tàn gba inú ìgò náà kọjá.

"Ó di wákàtí kan," ni Florence wí. Ó bọ́ sí yàrá kejì lọ dá ẹlòmíì lóhùn.

Àsíátù tẹjú mọ́ ìgò. Kò pẹ́, ó rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń rọlẹ̀, tí omi pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sì ń dá dúró lókè. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun ló ń domi yìí! Ta ni kò mọ̀ pé bí ògì bá ti rọlẹ̀, ńṣe ni èèyàn máa ń rò ó pọ̀ kó tó dà á sínú omi gbígbóná? Ó yọ ìgò náà, ó fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu, ó yí i lórí kodò. Àtàǹpàkò yọ̀. Ìdajì ẹ̀jẹ̀ dà sílẹ̀.

Florence wọlé. "Háà! Ta ló fọwọ́ kan ìgò yìí? Ó ti bàjẹ́. Baba, ẹ jọ̀ọ́, a ó tún fà á."

Ràsáàkì dìde. "Ṣé ẹ rí i? Ládòkun sọ ọ́! Èmi ń lọ sílé." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Àsíátù mọ̀ pé bó bá jáde báyìí, kò sí ẹni tí yóò tún rí i mú padà wá. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Fàtímọ̀, èmi ni. Kì í ṣe Nọ́ọ̀sì. Mo rò ó bí ògì."

"O rò mí bí ògì?"

"Mo rí i pé ó ń domi, ẹ̀rù bà mí."

Florence kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, kò domi. Àwọn hóró pupa tín-tìn-tín ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ara bá le, kálukú wọn ń dá rìn, wọn kì í tètè rọlẹ̀. Bí àìsàn bá ń jà nínú ara, wọ́n á máa so mọ́ra wọn, wọ́n á wúwo, wọ́n á sáré lọ sí ìsàlẹ̀. Iná yẹn ló ń fi ibi tí omi parí sí hàn wá."

"Yéè! Bí ògì náà ni! Èyí tó kúnná a máa pẹ́ lójú omi. Èyí tó rí wóró-wóró, kíá ló ti sùn sísàlẹ̀."

Ràsáàkì wo ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó padà wá jókòó, ó na apá. "Ẹ fà á. Ṣùgbọ́n ẹ lé ológì yìí jáde ná."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò kan ìgò. Kí wákàtí kan tó pé, ẹ̀jẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀ jìnnà.

"Iná ń jó nínú ilé," ni Florence wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò lè sọ yàrá tó wà. Ẹ gba agolo kékeré yìí. Bí ẹ bá jí láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun, ẹ wú ikọ́ látinú àyà, kí ẹ tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀."

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló tú àṣírí: ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n yẹ Àsíátù àti Fàtímọ̀ wò pẹ̀lú. Kò sí lára Àsíátù. Fàtímọ̀ ọmọ wọn ti kó o, ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀ ọ́ lára. Bàbá àti ọmọ jọ bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Lóṣù kẹta, ikọ́ lọ, Ràsáàkì ní òun kò lo oògùn mọ́. Florence ní irọ́ ni, ikọ́ tó bá sá pamọ́ kò tíì kú. Oṣù lórí oṣù ni wọ́n fi lò ó tán. Lónìí, Ràsáàkì ti gbé ọkọ́ padà.

Ẹ̀yin ará wa, ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má pè é ní eruku mọ́. Ẹ lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, ẹ fún wọn. Bí wọ́n bá ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ tu ú. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀, ohun tí kò bá yé yín, ẹ bèèrè. Ẹ lo oògùn yín tán, bí ara tilẹ̀ ti yá. Ẹni tó bá sì rò pé ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kan ti pọ̀ jù láti fà, kó kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tí òun pẹ̀lú wọn jọ ń sùn nínú yàrá.