Èmi Nìkan Ni

"Ta ló máa mọ̀?" Aṣọ́lé tún bi í, ó sì na ọwọ́ sí i láti orí àpáta.

Àdúmáadán wẹ̀yìn. Igi nìkan ló rí. Ohùn àwọn ọmọ kíláàsì wọn, tí wọ́n jọ tẹ̀lé tíṣà wá wo orísun odò nínú igbó, ti ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n inú dídùn rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Ta ni kò mọ Aṣọ́lé nílé ìwé wọn? Bọ́ọ̀lù kì í kọjá lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, bó bá sì rẹ́rìn-ín báyìí, àwọn ọmọbìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́là aṣọ wọn ṣe. Nínú gbogbo wọn, òun ló yàn. Ó di ọwọ́ náà mú.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò le rárá. Ọkọ̀ méjì ló gbé wọn wá. Àdúmáadán ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Bí tíṣà bá ń pe orúkọ, ṣáà bá wa dáhùn. Ọkọ̀ kejì la máa bá padà." Ọ̀rẹ́ náà fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ẹ má lọ kọ́lé síbẹ̀ o!"

Wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n ń wo igbó lọ súà. Aṣọ́lé sọ fún un pé bí òun bá ti wọ pápá, ibi tó bá dúró sí ni òun máa ń kọ́kọ́ fojú wá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Àdúmáadán débi pé kò mọ bí àkókò ṣe ń lọ. Fèrè ọkọ̀ tí wọ́n gbọ́ lókèèrè ló jí wọn. Aṣọ́lé ló ṣáájú, ó ń sáré. Àpáta ti tutù, ó ń yọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́ sí ìsàlẹ̀ létí odò, Àdúmáadán sì gbọ́ bí eegun ṣe dún.

Wọ́n pariwo títí ohùn fi há. Wọn ò mú fóònù dání, ilé ìwé ti kà á léèwọ̀. Fèrè tún dún, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ lọ.

"Wọ́n á pe orúkọ kí wọ́n tó jìnnà," Aṣọ́lé sọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Wọ́n á rí i pé a ò sí níbẹ̀."

Àdúmáadán kò lè wo ojú rẹ̀. Wọ́n ti pe orúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ti rí sí i pé ẹnì kan dáhùn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó fi táì rẹ̀ di igi mọ́ ẹsẹ̀ náà. Ó gbìyànjú láti wọ́ ọ gòkè, kò ṣeé ṣe, bí wọ́n ṣe sùn sétí omi nìyẹn. Nǹkan kan ń rìn nínú koríko, ó ń dúró, ó tún ń rìn. Wọ́n di ara wọn mú, ìfẹ́ kọ́ ni wọ́n ń rò. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, ẹsẹ̀ Aṣọ́lé ti wú, ara rẹ̀ gbóná bí iná.

"Tẹ̀lé odò," ó ní. "Ó máa já sí títì. Mo mọ̀ pé wàá padà wá."

Àdúmáadán sáré. Ẹ̀gún ya aṣọ rẹ̀, ó ṣubú, ó dìde. Bó ṣe yọ sí títì báyìí, ọkọ̀ ilé ìwé ló rí. Tíṣà ń bọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, àti ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ, tí téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá náà fò mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

"Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín! Ọmọ tèmi kì í rin ìrìnkurìn, ó ṣìnà ni!"

Tíṣà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ nìkan ni?"

Kò sẹ́ni tó ń wá Aṣọ́lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, ti rìnrìn àjò. Ọ̀rẹ́ Àdúmáadán kò sì jẹ́wọ́ ju ìdajì lọ, ó ní Àdúmáadán nìkan ni òun bá dáhùn. Gbogbo ojú wá wà lára ọmọbìnrin yìí, lára aṣọ tó ya àti ọrùn tí kò ní táì. Ojú tì í, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

"Èmi nìkan ni," ó ní.

Ó rò pé bí òun bá délé, òun á rán ọ̀rẹ́ òun ní bòókẹ́lẹ́ sí ẹnì kan tó lè lọ gbé Aṣọ́lé. Àmọ́ ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ìta. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fún un lóúnjẹ, ó ní kó sùn. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń yìn ín pé ọmọ tó gbọ́n ni. Bí ìyìn ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń wúwo sí i. Lọ́sàn-án, ààrá sán.

Ó kúnlẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. "Màmá, èmi nìkan kọ́."

Nígbà tó sọ ọ́ tán, ìyá rẹ̀ ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Láti àárọ̀? Kí ló dí ẹ lẹ́nu?"

"Ojú ló tì mí, Màmá. Ṣebí wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín."

"Ikú ta ni?" Ìyá rẹ̀ figbe ta. "Ẹni tó pòwe yẹn, ikú ara ẹ̀ ló ń sọ! Ikú ọmọ ọlọ́mọ kọ́!"

Láìwọ bàtà ló fi já síta, ó ń ké pe àwọn ọlọ́kadà. Àdúmáadán ló júwe ọ̀nà fún wọn nínú òjò. Omi ti dé àyà Aṣọ́lé nígbà tí wọ́n bá a. Ó rọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi, agbára káká ni wọ́n fi tú ìka rẹ̀.

"Ká ní ẹ gbé e dé láàárọ̀ ni," dókítà sọ, ó mi orí. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Ọjọ́ tí Aṣọ́lé lè sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti dé láti ìrìn àjò, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá Àdúmáadán nínú yàrá ilé ìwòsàn. "Ẹ ṣé, Màmá. Ọmọ yín ló gba àbúrò mi là."

Aṣọ́lé rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mò ń gbọ́ ààrá, mò ń sọ fún ara mi pé ó ń sáré bọ̀. Ọ̀nà yẹn á mà jìn o."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Àdúmáadán mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọpẹ́ náà á di tòun títí láé.

"Kò jìn," ó ní. "Mo ti dé títì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n bi mí bóyá èmi nìkan ni. Mo ní èmi nìkan ni."

Ẹ̀gbọ́n dìde nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ́lé wo Àdúmáadán, ó wo ibi tí aṣọ ìbora ti tẹ́jú, ó sì kọjú sí ògiri.

"Jọ̀ọ́, máa lọ," ó ní jẹ́jẹ́. Ì bá sàn kó bú u.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kò sí ọ̀dọ́ tí kì í ṣàṣìṣe, ìfẹ́ ọmọdé kò sì fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Ká ní Àdúmáadán jẹ́ kójú ti òun létí títì, ìyá rẹ̀ ì bá bínú, tíṣà ì bá nà án, àwọn èèyàn ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì tán. Ìtìjú tó sá fún láàárọ̀ kéré sí èyí tó ń gbé kiri báyìí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀mí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kójú tì yín, kẹ́ ẹ sì tètè sọ ọ́.