Gílóòbù Tí Kò Gbọ́ràn

Fèyíkẹ́ tún tẹ bọ́tìnnì náà, ojú kọ̀ǹpútà sì tún funfun báláú.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ gan-an?" ó bi kọ̀ǹpútà náà bí ẹni pé ó létí.

Ìyá rẹ̀, tó ti wọ sùtánà funfun tó sì fẹ́ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó. "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ló ń bá ọ jà ni, àbí ìwọ lò ń bá a jà?"

"Ó ti sú mi, Mọ́mì. Ó ti sú mi pátápátá."

Kì í ṣe pé Fèyíkẹ́ ò mọ kọ̀ǹpútà lò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Awóyáyà, ẹ̀yìn títì márosẹ̀, òun ni wọ́n ń sá tọ̀ bí kọ̀ǹpútà bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, fi fi í ṣe olórí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ JSS3 ń sún mọ́ ìdánwò àṣekágbá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì fọwọ́ kan wáyà àti bátìrì rí, nítorí kò sí yàrá sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ wá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀kọ́ kan sórí tábúlẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí àwòrán inú rẹ̀ á máa gbọ́ràn sí ọmọ lọ́wọ́. Bí ọmọ bá fi ìka wọ́ wáyà kan bátìrì, gílóòbù á tàn. Bó bá fà á kúrò, á kú.

Bàṣírát, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, ló ya àwòrán náà, òun náà ló kọ àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń mú un rìn. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geere. Iṣẹ́ Fèyíkẹ́ ni láti gbé e wọ inú ètò ìkọ́ni, sáàárín àlàyé àti ìbéèrè. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bó bá ti gbé e wọlé, àpótí funfun lásán ló ń yọ sí i. Ó pa á rẹ́, ó tún gbé e wọlé. Ó fẹ àpótí náà lójú, ó tún sún un kì. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Bó ṣe fẹ́ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ni iná lọ.

Ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ ò jìnnà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n pín iṣẹ́, Bàṣírát ti sọ pé, "Ṣé kí n fi bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé hàn ọ́? Ó ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú." Fèyíkẹ́ sì ti fi í rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ẹgbẹ́. "Ìwọ ṣáà ya àwòrán tìrẹ. Èmi ò wá tísà." Ojú wo ni yóò wá fi lọ bá a báyìí?

Nígbà tí iná dé, ó ṣí àwòrán Bàṣírát lọ́tọ̀. Ó ń fa wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ya gbogbo rẹ̀ ní fídíò. Fídíò náà ló gbé sínú àpótí funfun yẹn. Lójú ẹni tó bá kàn ń wò ó, wáyà ń rìn, gílóòbù ń tàn.

Lówùúrọ̀, nílé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́ yọjú wò ó fìrí. "Ṣé ó ń gbọ́ràn sí ọwọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàṣírát na ọwọ́. "Jẹ́ kí n dán an wò."

"Bátìrì ti fẹ́ kú," ni Fèyíkẹ́ wí, ó sì pa kọ̀ǹpútà dé.

Nígbà tí wọ́n pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ JSS3, inú wọn kọ́kọ́ dùn. Láìpẹ́, ìráhùn bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níwájú tó ń jẹ́ Afusat. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ bá ti gbé e dé ni ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Afusat fi ìka wọ́ wáyà sápá ọ̀tún, wáyà gba apá òsì lọ. Gílóòbù tàn nígbà tó wù ú.

"Sìníọ̀ Fèyíkẹ́, kò gbọ́ tèmi."

"O ò fọwọ́ kàn án dáadáa ni. Rọra fà á."

Afusat fà á. "Kò gbọ́ síbẹ̀."

"Ṣé èékánná ni mo ní kí o fi fà á ni? Ìka ni. Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

Afusat gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. "Ẹ má bínú, Sìníọ̀. Níbi tí mo ti wá náà, wọ́n ní orí mi ò gba sáyẹ́ǹsì."

Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún Fèyíkẹ́ lọ́kàn.

Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan, ó fọwọ́ kàn án, ó sì fajú ro. "Bàṣírát, àwòrán rẹ ò ṣiṣẹ́."

"Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, sà," ni Bàṣírát wí, omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Ká ní Fèyíkẹ́ dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sọ́rùn Bàṣírát. Ó wo Afusat, ó sì dìde. "Kì í ṣe Bàṣírát, sà. Fídíò ni mo gbé síbẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n gbé wọlé, ojú sì ń tì mí láti béèrè."

Olùkọ́ mí kanlẹ̀. "Mo bi ọ́, àbí mi ò bi ọ́?"

"Ẹ bi mí, sà."

"Kí nǹkan má ṣiṣẹ́ ò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n o jókòó síbẹ̀, o ń jágbe mọ́ ọmọ yìí títí ó fi gbà pé òun lòun ò gbọ́n. Ìyẹn ló dùn mí."

Ọjọ́ náà ló gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Bàṣírát. Aago lù, àwọn ọmọ JSS3 jáde láìkọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ parí, Bàṣírát àti Fèyíkẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bàṣírát béèrè pé, "Fóldà àwòrán dà?"

"Fóldà wo?"

"Ojú-ìwé nìkan lo gbé wọlé. Àṣẹ tó ń mú un rìn wà lọ́tọ̀, wáyà àti gílóòbù wà nínú fóldà tiwọn. Ṣe ló yẹ kí o di gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Ojú-ìwé yẹn ń wá àwọn yòókù, kò rí wọn, ló ṣe funfun."

Wọ́n dì í pọ̀, wọ́n gbé e wọlé. Gílóòbù tàn. Inú Fèyíkẹ́ dùn, inú sì tún bí i sí ara rẹ̀. Ṣé gbogbo ìyà yẹn ò ju báyìí lọ?

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Afusat láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ìwọ kọ́ lo ṣàṣìṣe, èmi ni. Jọ̀ọ́, má bínú."

Afusat ò gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà. "Ẹ kọ́kọ́ ṣe é, kí n rí i."

Fèyíkẹ́ ṣe é. Nígbà náà ni Afusat na ìka, ó wọ́ wáyà, gílóòbù sì tàn. Ó fà á kúrò, gílóòbù kú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra kó tó gbójú sókè.

Ohun tí Fèyíkẹ́ kọ́ nìyẹn: àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá sì béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ bo àìmọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ìyà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ.

"Sìníọ̀," ni Afusat wí, "tá a bá fi gílóòbù kejì sí i ńkọ́, ṣé méjèèjì á tàn bákan náà?"

Fèyíkẹ́ ronú díẹ̀. "Mi ò mọ̀," ló fèsì. "Dìde, jẹ́ ká lọ béèrè."