Táńkì Tí Màmá Àgbà Yàn

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ti ilé ìwé dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Màmá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, páálí àwọn táńkì ogun kéékèèké tí wọ́n ń fi ike tò sì yí i ká bí ọmọ adìyẹ.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Màmá Àgbà wí. "Mo bẹ̀rẹ̀ kí n lè wo àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni, ìdí mi bá ní òun ò dìde mọ́. Mo ní kò burú, ibí náà la ó ti ra ọjà."

Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn káńtà. Ojú Mẹ́rin ni wọ́n ń pè é, torí gíláàsì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ ló sì sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́.

"Màmá ní àwọn náà fẹ́ máa to táńkì," Ojú Mẹ́rin wí.

Kì í ṣe àwàdà. Láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún Màmá Àgbà lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì ti ní kó wá iṣẹ́ fún àwọn ìka rẹ̀. Wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kó máa fún un, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ohun tí ọmọ ọmọ òun ń fi ẹ̀mú tín-ín-rín tò lórí tábìlì, òun lòun náà fẹ́.

"Ẹ wo èyí, Màmá," Ojú Mẹ́rin wí. "Ìwọ̀n ọ̀kan nínú méjìléláàádọ́rin ni. Bí ẹ bá to méjìléláàádọ́rin irú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á gùn tó táńkì gidi kan. Àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Ṣéènì tó fi ń rìn, rọ́bà kan ṣoṣo ni lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ kàn máa fi yí táyà ká ni. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa so, wọ́n kéré bí ìrẹsì."

"Bí ìrẹsì kẹ̀? Wọ́n á ti sin mí kí n tó dé táyà kẹta." Màmá Àgbà na ọwọ́ òsì sí abẹ́ pẹpẹ tó kẹ́yìn, ó fa páálí kan jáde, ó sì fi aṣọ rẹ̀ nù ún. "Èyí ńkọ́? Ẹ wo eruku. Kò sẹ́ni tó yàn án. Mo mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára. Èyí ni mo fẹ́."

Jẹ́jẹ́ mọ páálí náà.

Bí wọ́n ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà ni pé bí páálí bá dé, Jẹ́jẹ́ á ka gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀, á kọ "ó pé" sí ìwé pélébé kan, á fi í sínú, á sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ojú Mẹ́rin kì í tún un kà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ṣéènì táńkì tí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ń tò fún ìdíje ọjọ́ Àbámẹ́ta já mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá sọ fún ọ̀gá, òmíràn á dé, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni. Ló bá tú páálí eléruku yìí, tí táńkì inú rẹ̀ jẹ́ irú tirẹ̀, ó yọ ṣéènì kan, ó fi téèpù tuntun lẹ̀ ẹ́ padà. Ta ló fẹ́ rà á? Ọdún méjì ló ti wà níbẹ̀.

"Màmá, ìyẹn le," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n mú òmíràn fún yín."

"Ó le báwo?"

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sí páálí mìíràn.

"Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló ka èyí, Màmá," Ojú Mẹ́rin wí. "Bó bá ti ní ó pé, ó pé nìyẹn."

Màmá Àgbà wú bíi búrẹ́dì. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ di páálí náà sínú ọ̀rá fún un.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó ti ilé ìwé dé, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá Àgbà. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì dúró ti ògiri, gbogbo aṣọ inú àpótí ti wà nílẹ̀. Màmá Àgbà tún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò dápàárá lọ́tẹ̀ yìí. Táńkì rẹ̀ wà lórí àpótí ìjókòó. Gọ́ọ̀mù yí i lára, ẹnu ìbọn rẹ̀ wọ́ díẹ̀, síbẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Apá kan ní ṣéènì, táyà apá kejì wà ní ìhòòhò.

"Mo ti sọ ọ́ nù," Màmá Àgbà wí. "Ọwọ́ mi yìí ló gbé e síbì kan, mi ò sì rántí."

"Bóyá kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Màmá," ìyá Jẹ́jẹ́ wí.

"Mo ka ìwé inú rẹ̀. Ọmọ mi kọ ọ́ pé ó pé. Orí mi ló ń lọ." Ó tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan, ó nà án sí ìyá Jẹ́jẹ́. "Gbà. Mi ò gbọdọ̀ dá dáná mọ́. Mo lè tan iná lọ́la kí n gbàgbé, kí n jó gbogbo yín mọ́lé."

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdáná ni. Oṣù mẹ́ta ló fi bá wọn jà lẹ́yìn àìsàn rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún un. Ìyá Jẹ́jẹ́ gbà á láìjiyàn. "Ẹ fọkàn balẹ̀. A ó lọ rí dókítà ní Mọ́ńdè. Wọ́n ti sọ fún wa pé ìgbàgbé lè bẹ̀rẹ̀ báyìí."

Jẹ́jẹ́ wo kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Rọ́bà ló mú. Òun kò mọ̀ pé òun mú orí ènìyàn.

Ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó gbé táńkì ìdíje rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá Àgbà, ó sì fa ṣéènì kan ya kúrò lára rẹ̀. Táyà méjì bá a lọ.

"Ti yín nìyí, Màmá. Èmi ni mo yọ ọ́ nínú páálí kí ẹ tó rà á. Mo ti mọ̀ látọjọ́ yẹn."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

"Kò sí nínú páálí rí?" Màmá Àgbà bi í.

"Kò sí níbẹ̀, Màmá."

"Orí mi ńkọ́?"

"Kò sóhun tó ṣe orí yín."

Màmá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà tán, omi ojú kò tán. "Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo tilẹ̀ wo inú pó tí mo ń tọ̀ sí. Ìwọ sì kí mi káàárọ̀ lónìí, o bi mí bóyá mo sùn dáadáa." Ó yíjú sí ìyá Jẹ́jẹ́. "Dá kọ́kọ́rọ́ mi padà fún mi." Kò tún bá Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní wákàtí tí ìdíje ń bẹ̀rẹ̀, Jẹ́jẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ fún Ojú Mẹ́rin ohun tó ṣe. Ọ̀gá kò pariwo. Ó kó gbogbo páálí tó ní ìwé Jẹ́jẹ́ nínú wálẹ̀ lójú àwọn oníbàárà, ó ń tú wọn, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí di ìrọ̀lẹ́.

"Gbogbo wọn pé, ọ̀gá," Jẹ́jẹ́ wí jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀, torí mo ti kà wọ́n," ni ó dá a lóhùn. "Tẹ́lẹ̀, mi ò nílò kí n kà wọ́n."

Jẹ́jẹ́ lè ra ṣéènì mìíràn, ìyẹn kò ṣòro. Ohun tí kò rí rà ni àwọn ọdún tí ènìyàn méjì fi gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá jí nǹkan kékeré, tó sì dákẹ́, kò mọ ẹni tí yóò wá a kiri, kò sì mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ni ẹni náà yóò dá lẹ́bi.