Dókítà Tí Kì Í Kanlẹ̀kùn

Ọjọ́ tí Dókítà kọ́kọ́ dé ilé Olùkọ́, ìbáwí ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn o. Kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé ìyá tó bí i náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó wá wo kọ̀ǹpútà obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti ilé. Ó bá ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, ó ṣí i, ó wọlé wẹ́rẹ́, ló bá bá àgbàlagbà ọkùnrin kan tó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí.

"Ṣé wọn kì í kanlẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ni?" Bàbá náà bi í, kò tiẹ̀ yíjú padà.

"Ẹ má bínú, sà. Mo rí i pé ó ṣí sílẹ̀ ni."

"Ẹnu mi náà ṣí sílẹ̀. Ṣé wàá wọ ibẹ̀ ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láti yàrá. Ẹ má dá Dókítà lẹ́bi: ẹ̀rín yẹn ló kó bá a. Kó tó rí ojú ẹni tó rín in, ọkàn rẹ̀ ti lọ.

Olùkọ́ lẹni náà, obìnrin gíga kan tó fi pẹ́ńsù sínú irun, tó sì ń wá pẹ́ńsù ọ̀hún káàkiri orí tábìlì. Dókítà tún kọ̀ǹpútà náà ṣe. Kó tó lọ, ó fi áàpù kékeré kan sí i lára, èyí tí yóò jẹ́ kó lè wọ inú kọ̀ǹpútà náà láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Tó bá tún yọ yín lẹ́nu, ẹ ò ní dúró dè mí," ó ní. "Ibi tí mo bá jókòó sí ni mo ti máa tún un ṣe."

"Fún ọ̀sẹ̀ yìí nìkan o," Olùkọ́ dáhùn.

"Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, mà."

Ọ̀sẹ̀ náà kọjá, ìfẹ́ kò sì jẹ́ kó rántí. Kí ló fẹ́ fi áàpù ṣe mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń gbé e lọ síbẹ̀? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí nǹkan kan ò ṣe, ó wá tọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Ẹ̀rọ yìí, ṣé àìsàn tirẹ̀ kì í tán ni?" Bàbá bèèrè.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó tọ́jú ẹ̀ dáadáa," Olùkọ́ ní, ó ń wo ilẹ̀.

Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́rìnlá, "mà" ti di "olólùfẹ́ mi". Ó ku kí àwọn ẹbí Dókítà wá rí Bàbá. Olùkọ́ nìkan lọmọ tí Bàbá bí, ìyá rẹ̀ sì ti kú, nítorí náà ohun tí Bàbá bá sọ labẹ gé. Wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé kan.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Sátidé ọ̀hún pé, Olùkọ́ pè é lọ́sàn-án. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Dókítà, ìbéèrè ìdánwò ni mò ń kọ lọ́wọ́. Ọfà ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra ẹ̀. Ó ṣí fáìlì kan, ó tún pa á dé. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mò ń bọ̀, olólùfẹ́ mi."

Ìdí ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo gbogbo ohun tó ti so mọ́ ọn lọ́jọ́ náà: kọ̀ǹpútà, fóònù Olùkọ́, fóònù Bàbá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti nǹkan karùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Olùkọ́ di apá aṣọ rẹ̀ mú. Wọ́n wá a títí, tẹlifíṣọ̀n tuntun inú yàrá Bàbá ni.

"Tẹlifíṣọ̀n mi ò jalè rí," Bàbá ní.

Dókítà wá kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó wo orúkọ àwọn tó láṣẹ láti lò ó; ti Olùkọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wo àwọn áàpù tó máa ń jí fúnra wọn bí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ló ti rí i. Áàpù tirẹ̀ ni.

Ó ṣí ibi tí áàpù náà ń kọ orúkọ àlejò sí: ọ̀sán ọjọ́ náà, láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ gan-an. Ó wá rántí pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fẹ́ tún kọ̀ǹpútà oníbúrẹ́dì kan ṣe lọ́sàn-án yẹn. Orúkọ oníbúrẹ́dì ló tẹ̀ lé ti Olùkọ́ nínú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà, ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà sì ni Dókítà fi sí ti gbogbo oníbàárà, nítorí ọ̀lẹ. Ẹ̀gbọ́n ti ṣi ilé wọ̀.

Bọ́tìnnì tó lè pa áàpù náà rẹ́ wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹni yòówù tó ń wọlé onílé láì kanlẹ̀kùn," Bàbá ní, "èmi ò ní bá a jókòó láéláé."

Dókítà lè sọ pé kòkòrò ló wọ̀ ọ́. Ta ló máa mọ̀? Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú Olùkọ́, ó rí i pé ohunkóhun tóun bá sọ ni obìnrin yìí máa gbà. Ìyẹn ló pa irọ́ náà.

"Èmi ni," ó ní. "Áàpù ọjọ́ kìíní ni. Mi ò yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣèèṣì gba ibẹ̀ wọlé lónìí."

Olùkọ́ sún sẹ́yìn.

"Ọ̀sẹ̀ kan lo sọ," Olùkọ́ ní. "Ṣé ìwọ náà ń wọlé?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Kò tún sí mọ́. Wò ó fúnra ẹ."

Olùkọ́ ka àkọsílẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni lóòótọ́.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ó ní, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Máa lọ ná."

Dókítà pa áàpù náà rẹ́ lójú wọn. Ó kọ gbogbo ohun tóun yẹ̀ wò sórí ìwé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí Olùkọ́ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tó kọ gbẹ̀yìn ni pé: "Pe ẹlòmíì kó wá yẹ iṣẹ́ mi wò."

Sátidé àdéhùn kọjá láìsí ìpàdé. Dókítà pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́wọ́, ó sì yọ áàpù náà níbi gbogbo. Àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan bú u. Oníbúrẹ́dì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíì.

"Ìwọ àti òtítọ́ ẹ yìí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ máa gbélé," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. Nígbà tó yá, ó tún rọra ní, "Èmi ni mo tẹ ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀, àbúrò. Má bínú."

Kò bínú sí i. Àárò Olùkọ́ ló ń sọ ọ́, ó sì ń sọ ọ́ gan-an.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù dún. Bàbá ni.

"A pe obìnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ ẹ," ó ní. "Ó tú gbogbo ẹ̀ wò. Ó ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ó tún ní ká ní o pa á rẹ́ kó o dákẹ́ ni, à bá má mọ̀ títí ayé."

Dókítà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Aago mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé. Mú ìyá ẹ àti ẹ̀gbọ́n ẹ dání."

Nígbà tí wọ́n dé, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀ bíi tọjọ́ kìíní. Ẹ̀gbọ́n nawọ́ kó ṣí i wọlé. Dókítà di ọwọ́ náà mú. Ó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró.

"Ta nìyẹn?" Bàbá bèèrè láti inú ilé.

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ní kó o wọlé?"

Dókítà la ẹnu láti dáhùn. Ó wá gbọ́ ẹ̀rín kan láti yàrá, ẹ̀rín ọjọ́ kìíní yẹn gan-an.

"Èmi ni, Bàbá," Olùkọ́ dáhùn. "Èmi ni mo ní kó wọlé. Kì í sì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan."