Ohun Tí Mi Ò Sọ fún Vasiti

Òjò ló kó wa sábẹ́ òrùlé kan náà ní Suva, olú ìlú orílẹ̀-èdè erékùṣù wa. Mo rí ọmọbìnrin kan tó kó ìwé sínú aṣọ rẹ̀ kí ó má baà tutù, tí orí òun fúnra rẹ̀ sì rin gbingbin.

"Ìwé wo nìyẹn tó níyì ju orí ẹ lọ?" mo bi í.

"Fọ́ọ̀mù ni. Mo fẹ́ lọ parí ẹ̀kọ́ mi ní Sydney. Rẹ́rìn-ín tó o bá fẹ́, gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Vasiti lorúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù Kadavu. Ọdún kejì ló wà nínú ẹ̀kọ́ ìṣúná, bíi tèmi. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó máa ń bá àwọn kọ́ńpìnnì wá owó. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé tí mi ò bá rí i lójúmọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ìgbà náà ni lẹ́tà dé. Yunifásítì kan ní Sydney ti gbà á, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fèsì.

Ṣé kí ó lọ báyìí ni, tàbí kí ó parí níbí, kí ó wá lọ gba oyè kejì níbẹ̀? Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Kadavu, Vasiti sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wò ó lọ́jọ́ náà, ó wá ní kí n bá òun bi Ọ̀mọ̀wé Lal, olùkọ́ wa.

Ọ̀mọ̀wé ò tiẹ̀ ronú. "Kó máa lọ. Àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi ni àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ti ń ṣa èèyàn. Kó tó gboyè kejì, àyè á ti kún."

Mo pe Vasiti.

"Ọ̀mọ̀wé ní bákan náà ni méjèèjì," mo wí. "Ó ní kó o parí níbí."

Ìyá rẹ̀ gba fóònù. "Ronil, ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀wé. Ṣé kò ní pa á lára?"

"Rárá, Mà."

Vasiti dúró ní Suva. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ mi gan-an. Màmá mi, tó ti búra pé ọmọ Íńdíà bíi tiwa ni mo máa fẹ́, ló wá ń kọ́ ọ ní bí a ṣe ń ṣe rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tiwa. "Tìẹ tiẹ̀ rí róbótó," ni màmá mi máa ń wí, "ti Ronil dà bí máàpù."

Lẹ́yìn náà, Vasiti lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè kejì ní Sydney. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Suva. Bí oṣù ṣe ń lọ, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i lórí fóònù.

"Ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá ló ti kọ̀ mí, olólùfẹ́ mi. Gbogbo wọn ló ń béèrè ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi. Bóyá ọpọlọ mi ni ò tó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè fara dà. Nígbà tó wálé fún Kérésìmesì, màmá mi ti ra sárì pupa ìgbéyàwó pamọ́ fún un. A jókòó létí òkun, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"O purọ́ fún ìyá mi lórí ibùsùn àìsàn," ó wí.

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tó o bá lọ, o ò ní pa dà sọ́dọ̀ mi."

"Ǹ bá pa dà wá, Ronil. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Ó di ọwọ́ mi mú pinpin, ó sì gbé e pa dà sórí orúnkún mi. Ó ní kí n má sin òun dé pápákọ̀ òfurufú. Mi ò sìn ín.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Sydney ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ohun tí mo ṣe. Lóṣooṣù ni ìyá ń fi ẹja ránṣẹ́ sí mi láti Kadavu, tó ń béèrè ohun tí àwa méjèèjì ń jà lé lórí. Mo máa ń dúpẹ́. Mo máa ń ní, "Kò sí nǹkan, Mà."