Àwo Tó Fọ́ Nílé Olùdíje

Kí bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn akọ̀ròyìn tẹ̀lé olùdíje sípò ààrẹ tó dúró, rẹ́kọ́dà ti pòórá nínú báàgì ọmọbìnrin akọ̀ròyìn kan. Inú rẹ́kọ́dà náà ni ohùn olùdíje tí ọmọbìnrin náà gbà sílẹ̀ nílé olùdíje wà, níbi tí olùdíje ti ní bí òun bá wọlé, àna òun lòun máa ta ilé ìwòsàn ìjọba fún. Wọ́n tú báàgì gbogbo èèyàn, àfi ti àgbà akọ̀ròyìn tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ọ̀gá. Ta ló máa tú báàgì ẹni tó ń bá olùdíje jẹun, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí olùdíje tó dá àpárá tán?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí olùdíje, ó ní irọ́ ni, bí ìwé ìròyìn ọmọbìnrin náà bá tẹ̀ ẹ́, òun á pè wọ́n lẹ́jọ́. Olóòtú ìwé ìròyìn náà sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó wá rẹ́kọ́dà jáde kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé. Ó wá a dé abẹ́ ìjókòó bọ́ọ̀sì, ó sunkún. Ẹnu-Ọ̀gá ló tún fún un ní áńkáṣíìfù. Ojú ò kúkú ti ọkùnrin yìí.

Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, Ẹnu-Ọ̀gá kọ àpilẹ̀kọ gígùn láti gbèjà olùdíje. Kó lè dùn, ó fi kún un pé bí olùdíje ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwo kan fọ́ ní ilé ìdáná. Ọmọbìnrin náà kà á, ó sáré lọ bá olóòtú. Òun àti olùdíje nìkan ló wà ní yàrá tí wọ́n ti sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ àwo fẹ́nì kankan. Inú bọ́ọ̀sì ni Ẹnu-Ọ̀gá ti ń hanrun nígbà náà.

“Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti gbọ́ ìró àwo?” Olóòtú ló ránṣẹ́ pè é, tó sì bi í.

“Olùdíje ló sọ fún mi.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ n pè é, kí n bi í.”

“Ẹ má pè é.”

“Kí ló dé?”

Ẹnu-Ọ̀gá jẹ́wọ́ pé òun lòun jí rẹ́kọ́dà náà. Ó ń tọ́jú ohùn náà ni, kó lè fi halẹ̀ mọ́ olùdíje gba ipò agbẹnusọ rẹ̀ tí ìbò bá parí, olùdíje ò sì mọ̀. Inú páálí bàtà tí olùdíje fi ta á lọ́rẹ ni wọ́n ti rí rẹ́kọ́dà. Ọlọ́pàá mú un lọ.

Olóòtú bẹ ọmọbìnrin náà, wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó bi olùdíje nípa Ẹnu-Ọ̀gá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní àtìmọ́lé.

“Èwo nìyẹn? Mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

Àwọn akọ̀ròyìn tó kù ti rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán.